Àkókò Ìṣáná Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́, àti Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí Wọ́n Máa Fi Etí Tò Ó ní Maiduguri

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń ṣe lára ọkọ̀ àtijọ́ tó ń mu bẹntiróòlù, bóyá ni òmíràn wà tí àwọn onímọ́tò ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lemọ́lemọ́, tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, tí wọn kò sì mọ ohun tó jẹ́ gan-an, bí iṣẹ́ títo àkókò ìṣáná, èyí tí àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ń pè ní táímìn. Àkókò ìṣáná ni ìgbà pàtó tí iná gbọ́dọ̀ ta lẹ́nu pílọ́ọ̀gì kí epo inú sílíńdà lè gbiná, ibi tí písítìnì bá sì dé nínú ìlọsókè rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ìgbà náà. Bí iná bá ta ní ìgbà tó yẹ, ẹ́ńjìnnì á lágbára, kò ní jẹ epo lájẹjù, ara rẹ̀ kò sì ní gbóná kọjá ààlà. Bí kò bá ta ní ìgbà tó yẹ, kò sí pílọ́ọ̀gì tuntun tàbí ọ́ìlì olówó ńlá tó lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì níbi gbogbo, ṣùgbọ́n Maiduguri, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, kì í fi ìyà rẹ̀ falẹ̀. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ooru ọ̀sán níbẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọkọ̀ tó bá sì fẹ́ já ẹrù ní Monday Market, ọjà ńlá tó wà láàárín ìlú náà, ní láti rọra wọ́ láàárín èrò, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọmọlanke, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé atẹ́gùn ìrìn ń fẹ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì tí táímìn rẹ̀ yẹ̀ lè máa bá a yí fún oṣù púpọ̀ nínú òtútù Jos kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ọ̀sán kan ṣoṣo lẹ́bàá ọjà yẹn ti tó láti tú àṣírí rẹ̀.

Irú ọkọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ní Nàìjíríà. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀, ọdún kan náà sì ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òjó, ní Èkó, níbi tí wọ́n ti to ọkọ̀ kékeré tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rìbìtì. Ìjàpá ni àlàyé yìí máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ hàn gbangba, àti nítorí pé kò lo omi rárá: afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò sì ní rádíétọ̀ tí yóò hó láti kìlọ̀ fún awakọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́. Iye tí wọ́n ń lò fún 504 yàtọ̀ sí ti Ìjàpá, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ náà kò yàtọ̀.

Ìdí tí iná fi gbọ́dọ̀ ṣáájú písítìnì

Nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, písítìnì máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á gòkè láti fún wọn pọ̀, iná á ta, agbára iná náà á tì í sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà á tún gòkè láti lé èéfín jáde. Ibi tó ga jù lọ tí písítìnì lè dé ni àlàyé yìí yóò máa pè ní òkè téńté. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé iná gbọ́dọ̀ ta nígbà tí písítìnì bá dé òkè téńté gẹ́lẹ́, èrò yìí sì bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tó rò pé epo náà ń bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹ̀tù ìbọn. Epo náà kì í bú bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń jó bí iná tó ràn mọ́ koríko gbígbẹ, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu pílọ́ọ̀gì, tó sì ń jẹ lọ títí tó fi dé ògiri sílíńdà, èyí sì ń gba àkókò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò náà kéré gan-an: nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ̀bà ní aago méjì ọ̀sán kì í dúró di aago méjì kó tó gbé omi kaná. Ó mọ bí omi ṣe ń pẹ́ tó kó tó hó, ó sì ń ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì. Àsìkò tí agbára iná wúlò jù ni ìgbà tí písítìnì bá ti kọjá òkè téńté díẹ̀, ní nǹkan bí 15 dígírì, tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà iná gbọ́dọ̀ ti ta kí písítìnì tó dé òkè. Dígírì tí wọ́n ń sọ níbí kì í ṣe ti ooru: yíyípo kan tí irin kíráńkì, tó wà lábẹ́ àwọn písítìnì, bá yí ni wọ́n pín sí 360, ìdá kọ̀ọ̀kan sì ni dígírì kan.

Ìṣirò kékeré kan á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nígbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni kíráńkì fi ń rin dígírì 5.4. Nígbà tí ó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, dígírì 18 ló ń rìn láàárín àkókò kékeré kan náà. Iná kò yára tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó ni iná gbọ́dọ̀ máa ta ṣáájú tó. Ẹni tó bá di èyí mú ti di ìdí gbogbo iṣẹ́ táímìn mú. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ sípánà.

Ní ayé àtijọ́, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, ní ọ̀pá kékeré kan lábẹ́ àgbá ìdarí, èyí tí awakọ̀ ń fà sókè tàbí sísàlẹ̀ láti mú kí iná tètè ta tàbí kó pẹ́ kó tó ta. Charles Kettering ti ilé iṣẹ́ Delco ní Amẹ́ríkà ló gbé ètò bátìrì, kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì kalẹ̀ ní àyíká ọdún 1910, ètò yìí kan náà ló sì wà nínú Ìjàpá àti nínú 504 kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ìgbàlódé.

Àwọn ohun tó ń mú iná ta

Bátìrì ní 12 fóltì péré, èyí kò sì lè fo àlàfo ẹnu pílọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ló ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, ṣùgbọ́n kọ́ìlì kì í ta iná nígbà tí iná mànàmáná ń wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá já iná náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì ló ń ta. Kọ́ńtáàtì ló ń já a. Irin kékeré méjì tó ń fẹnu kanra wọn ni kọ́ńtáàtì, ó wà nínú dísítríbútọ̀, àárín dísítríbútọ̀ yìí sì ní ọ̀pá oníkókó mẹ́rin tó ń yí, tí kókó kọ̀ọ̀kan ń ṣí kọ́ńtáàtì bó bá ti kan án. Ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí gan-an ni iná ń ta, kì í ṣe ìgbà tó bá pa dé. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló máa ń dorí èyí kodò, bó bá sì ti dorí kodò, kò sí nǹkan mìíràn nínú iṣẹ́ náà tí yóò bára mu.

Lórí ọ̀pá yìí ni róótọ̀ jókòó sí, tó ń pín iná náà fún pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: nínú Ìjàpá, ti sílíńdà kìíní, ìkẹrin, ìkẹta, ìkejì, nínú 504, ìkíní, ìkẹta, ìkẹrin, ìkejì. Àwọn tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo mọ ohun tí èyí jẹ́: ọmọ odó kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀, ẹni tó bá sì sọ tirẹ̀ kalẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó tó á kọlu ti ẹnìkejì rẹ̀.

Dísítríbútọ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà dígírì kan tí mẹkáníìkì bá yí ara dísítríbútọ̀ jẹ́ dígírì méjì lójú ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí ọwọ́ tó bá mì díẹ̀ péré fi lè ba iṣẹ́ jẹ́. Inú dísítríbútọ̀ náà ni irin wúwo méjì wà, tí ìyípo ń tì síta bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré, tí wọ́n sì ń mú kí iná túbọ̀ tètè ta. Àwọn ló gba iṣẹ́ ọ̀pá ọwọ́ Model T ṣe. Àwọn dísítríbútọ̀ kan tún ní agolo pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ mọ́ kábúrétọ̀, tí fífà afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì sì ń darí.

Ohun tí wọ́n ń ṣì mọ̀

Àṣìmọ̀ àkọ́kọ́ ni ti orúkọ. Nítorí pé wọ́n tún ń pe bẹ́líìtì tó ń yí fáàfù nínú ọkọ̀ ìgbàlódé ní bẹ́líìtì táímìn, ẹlòmíràn tí wọ́n sọ fún pé táímìn ọkọ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ á lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti wá bẹ́líìtì rà. Ìjàpá kò ní irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ rárá, eyín irin tó ń jẹra wọn ló ń yí fáàfù rẹ̀. Ṣéènì ló sì ń ṣe é nínú 504 tó ń mu bẹntiróòlù. Àkókò fáàfù àti àkókò ìṣáná jẹ́ nǹkan méjì, èkejì ni àlàyé yìí ń sọ.

Àṣìmọ̀ kejì ni ti ariwo. Bí wọ́n bá sọ ní Nàìjíríà pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé ó ti kú, ó sì di dandan kí wọ́n tú u palẹ̀. Ariwo tí táímìn tó ṣáájú jù ń fà yàtọ̀: ó ń dún wẹ́wẹ́ bí òkúta kéékèèké nínú agolo mílíìkì nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ó sì ń dákẹ́ bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ikú. Ó ṣeni láàánú pé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn ọkọ̀, tí fáànù rẹ̀ sì ń pariwo, tó fi jẹ́ pé awakọ̀ lè máà gbọ́ ọ rárá títí tí iná á fi dá ihò sórí písítìnì.

Àṣìmọ̀ kẹta ni pé táímìn tó ṣáájú jù nìkan ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Èyí tó pẹ́ jù náà ń mú un gbóná: epo á ṣì máa jó nígbà tí fáàfù èéfín bá ṣí, ooru tó yẹ kó ti písítìnì á wá lọ sára fáàfù àti ọ̀nà èéfín, ọkọ̀ á di ọ̀lẹ, awakọ̀ á sì túbọ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Lára 504, àwọn kan máa ń yọ tamọsitáàtì, ẹ̀yà tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rádíétọ̀, wọ́n á sì rò pé àwọn ti wo àìsàn náà sàn, nígbà tó jẹ́ pé iná tó ń ta lákòókò tí kò yẹ ló ń dá ooru náà sílẹ̀.

Èyí tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù nínú wọn ni fífi etí to táímìn. Mẹkáníìkì á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, á máa yí dísítríbútọ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi dùn, á sì dè é síbẹ̀. Ohùn náà á dùn lóòótọ́, nítorí pé epo díẹ̀ tó ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ dúró máa ń jó lọ́ra, ó sì ń fẹ́ kí iná tètè ta. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró lójú kan. Bí ohùn bá dùn ní 20 dígírì, tí irin wúwo inú dísítríbútọ̀ sì fi bíi 24 kún un nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ó di 44, bẹ́ẹ̀ Ìjàpá tó ní irú dísítríbútọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 32. Etí ọ̀gá mẹkáníìkì níye lórí, ó sì yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwọ̀n ló yẹ kó dé, kì í ṣe ipò ìwọ̀n.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ni àkókò iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan táímìn rárá, àlàfo kọ́ńtáàtì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò, nítorí pé bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, kọ́ńtáàtì á tètè ṣí, iná á ṣáájú. Bí ó bá há jù, kọ́ńtáàtì á pẹ́ kó tó ṣí, iná á sì pẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ to táímìn, tó wá to àlàfo lẹ́yìn, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó ṣe jẹ́. Wọ́n á ṣí ìdérí dísítríbútọ̀, wọ́n á fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì púlì jẹnẹrétọ̀, èyí tí yóò yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú bẹ́líìtì, títí kókó kan yóò fi ṣí kọ́ńtáàtì dé òpin. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 0.40 mìlímítà gbọ́dọ̀ wọ àárín rẹ̀, kó máa fà díẹ̀ bí wọ́n bá ń yọ ọ́, bí bébà tó wà láàárín ìwé méjì.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tún yí ẹ́ńjìnnì lọ sápá ọ̀tún títí róótọ̀ yóò fi dojú kọ àmì kékeré tí wọ́n gé sí etí dísítríbútọ̀, èyí tó jẹ́ ti sílíńdà kìíní, tí àmì ara púlì kíráńkì yóò sì bọ́ sí ojú ìlà ibi tí wọ́n ti so ìlàjì méjì ara ẹ́ńjìnnì pọ̀. Bí àmì púlì bá bára mu ṣùgbọ́n tí róótọ̀ kọ ẹ̀yìn sí àmì tirẹ̀, kí wọ́n yí kíráńkì lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún ọ̀pọ̀ Ìjàpá 1300 àti 1500, dígírì 7.5 kí písítìnì tó dé òkè téńté ni iye náà, ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ṣe pàtàkì níhìn-ín: àmì tó wà lára púlì kan lè ju ẹyọ kan lọ, àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 sì ń lo 5 dígírì lẹ́yìn òkè téńté, pẹ̀lú rọ́bà agolo pẹlẹbẹ tó wà ní ipò rẹ̀. Dísítríbútọ̀ tó wà lára ọkọ̀ ló ń sọ iye tó yẹ, kì í ṣe àwọ̀ ọkọ̀ tàbí ọdún tí wọ́n rà á.

Gílóòbù ló kàn. Wọ́n á so wáyà méjì mọ́ gílóòbù 12 fóltì kan, wọ́n á fi ọ̀kan kan ojú kìíní kọ́ìlì, ìyẹn ojú tí wáyà dísítríbútọ̀ ti wá, wọ́n á sì fi èkejì kan irin tí kò ní ọ̀dà lára ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì tó de dísítríbútọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láìsí pé wọ́n sítáàtì, wọ́n á sì yí ara dísítríbútọ̀ sápá ọ̀tún títí gílóòbù yóò fi kú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọra dá a padà sápá òsì, bí ìgbà tí èèyàn ń wá ilé iṣẹ́ lórí rédíò àtijọ́, ibi tí gílóòbù bá ti là gẹ́lẹ́ ni kọ́ńtáàtì ti ṣí, ibẹ̀ ni iná ti ń ta, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n dè é. Kí wọ́n má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé kọ́ìlì á gbóná, ó sì lè jóná.

Dídè nọ́ọ̀tì yìí fúnra rẹ̀ máa ń sún dísítríbútọ̀ díẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì yípo méjì gbáko sápá ọ̀tún, kí wọ́n sì wò ó bóyá gílóòbù tún là gẹ́lẹ́ bí àmì púlì ṣe dé ojú ìlà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Sílíńdà kìíní nìkan ni kí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n, torí pé nínú àwọn dísítríbútọ̀ Ìjàpá kan, àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ mú kí iná sílíńdà kẹta pẹ́ díẹ̀, nítorí sílíńdà yẹn ló ń gbóná jù.

Kò sí ìdí kankan láti fa wáyà pílọ́ọ̀gì yọ kí wọ́n máa ta iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀ tó ń jò láti mọ̀ bóyá iná wà. Iná tó jó Monday Market ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2023 ṣì wà lọ́kàn àwọn ará ìlú náà, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ epo àti iná nítòsí ìsọ̀ ẹlòmíràn ní ẹrù ńlá lọ́rùn.

Ooru, eruku àti epo

Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí epo fẹ́ gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pílọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹntiróòlù tí wọ́n bá sì fi kẹrosíìnì lù, bí èyí tí wọ́n máa ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí epo bá wọ́n, túbọ̀ ń dá kún un. Àwọn àgbà awakọ̀ rántí ìgbà tí bẹntiróòlù ní òjé nínú, èyí tí kì í jẹ́ kó tètè gbiná fúnra rẹ̀. Ìparí ọdún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fi gbèdéke sí láti yọ òjé náà kúrò. Ìjàpá, tí kì í fún epo pọ̀ ju nǹkan bí ìdá 7.5 sí ẹyọ kan lọ, fara da ìyípadà náà dáadáa. Síbẹ̀, bí ariwo òkúta inú agolo bá ṣì ń dún lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gílóòbù to táímìn dáadáa, kí wọ́n dá a sẹ́yìn ní dígírì kan tàbí méjì lójú ẹ́ńjìnnì, títí epo gidi á fi dé. Maiduguri kò ní òkè tí wọ́n lè fi dán an wò, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni gbogbo àyíká rẹ̀. Nítorí náà ọkọ̀ tó kún fún èrò, nínú jíà kẹta, láti orí ìrìn jẹ́jẹ́, ni kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti fetí sí i.

Eruku náà ní tirẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń gbé eruku lẹ́búlẹ́bú wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ó sì ń wọ ibi tí ọwọ́ kò lè wọ̀. Bó bá wọ inú dísítríbútọ̀, ó lè mú kí irin wúwo méjèèjì wọ̀nyẹn há, wọn kò ní ṣí mọ́ tàbí wọn kò ní padà, nígbà náà táímìn tó tọ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró kò ní tọ́ nígbà tó bá ń sáré. Aṣọ gbígbẹ ni kí wọ́n fi nu inú ìdérí, kí wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sórí ọ̀pá lábẹ́ róótọ̀, kí wọ́n sì fi gíríìsì tín-ín-rín pa kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé ike kékeré tí kọ́ńtáàtì fi ń gun kókó náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì ti ń jẹ ni àlàfo ń há, tí iná ń pẹ́ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Ní gbogbo 5,000 kìlómítà ni ó yẹ kí wọ́n tún un wò.

Gílóòbù oníwáyà méjì àti irin pẹlẹbẹ 0.40 mìlímítà ni ohun èlò tí iṣẹ́ yìí gbà ju sípánà lásán lọ. Kí ẹni tó bá ní Ìjàpá tàbí 504 ní Maiduguri ra méjèèjì sínú àpótí ọkọ̀ rẹ̀ kí oṣù Kẹta tó wọlé, kó sì ní kí mẹkáníìkì fi gílóòbù náà han òun kó tó de nọ́ọ̀tì.